Kí ló kan mánijà nínú ọ̀rọ̀ òfin? Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí nílé búrẹ́dì l'Óṣogbo

Mánijà_ÒgoOlúwa (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)
Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Àbúrò mi ọkùnrin ń kọ́ ìṣàkóso okòwò ní yunifásítì níbí. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó fi ìbínú wọlé. Ó ní àwọn olùkọ́ ń fi òfin okòwò àti ẹ̀kọ́ ìwà lẹ́nu iṣẹ́ da àwọn láàmú, pé ṣebí ẹni tó bá fẹ́ di lọ́yà ló yẹ kó lọ kọ́ òfin. Ó ní kí wọ́n kọ́ àwọn ní bí wọ́n ṣe ń tà, bí wọ́n ṣe ń rà, bí wọ́n ṣe ń ṣírò èrè, ó tán.

Mo fà á jókòó, mo sọ ìtàn kan fún un tí n kò sọ fún ẹlòmíì rí àfi ìyàwó mi. Mo ní kí n gbé e wá síbí náà, torí mo mọ̀ pé mánijà pọ̀ láàárín wa tó ń ṣe ohun tí mo ṣe yẹn lónìí, tí ọkàn wọn sì balẹ̀.

Ọdún kẹsàn-án mi rèé nídìí iṣẹ́ mánijà nílé búrẹ́dì. Ìdí ààrò ni mo ti bẹ̀rẹ̀: mo po ìyẹ̀fun, mo gé e, mo tò ó sínú páànù, kí ọ̀gá tó ní kí n bọ́ sí ọ́fíìsì. N kò kọ́ iṣẹ́ mánijà nílé ìwé kankan. Ohun tí mo bá lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú mi ni mo ń bá lọ.

Ọ̀kan nínú ohun tí mo bá ni ìwé ṣọ́tééjì. Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle ni, wọ́n fi òwú so báírò mọ́ ọn. Lálaalẹ́, bí owó tí ọmọ tó jókòó ti kántà kà kò bá pé, a ó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, a ó kọ iye tó dín, òun á buwọ́ lù ú, èmi náà á buwọ́ lù ú. Tí oṣù bá parí, màá ro ó pọ̀, màá yọ ọ́ nínú owó rẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ₦500 tirẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa, Òkè-Baálẹ̀ ló ti ń wá. Àràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí mi kó tó gba kọ́kọ́rọ́ kántà. Láàárín oṣù méjì, ṣọ́tééjì rẹ̀ di ₦38,400. Owó oṣù rẹ̀ nígbà náà, ₦32,000 ni. Ọ̀gá ní kí n yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kó tán. Lóṣù yẹn, ọmọ yìí kò gba kọ́bọ̀, ó tún jẹ wá ní ₦6,400. Mo na ìwé sí i, ó buwọ́ lù ú, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà." Títí dòní ni "ẹ ṣeun" yẹn ń dún létí mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tó fiṣẹ́ sílẹ̀ la tó rí ibi tí owó ti ń jò. Awakọ̀ tó ń pín búrẹ́dì ni. Èyí tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù bá dá padà, kò ní kọ ọ́ sílẹ̀, á lọ tà á fún ara rẹ̀ lọ́jà Igbóǹnà, iye rẹ̀ á sì máa já lé ọmọbìnrin náà lórí nínú ìwé. Kí n tó ronú ohun tí màá ṣe, lẹ́tà lọ́yà ti dé. Orúkọ mi ló ṣáájú nínú rẹ̀. Orúkọ ọ̀gá ló tẹ̀ lé e. Torí ta ló buwọ́ lu gbogbo ojú ewé ìwé ṣọ́tééjì? Èmi ni.

A dá owó rẹ̀ padà, a tún fi ohun tí wọ́n ní ká fi lé e lé e. Ṣùgbọ́n mo pàdé rẹ̀ lọ́jà lẹ́yìn ìgbà náà, ó wò mí, ó sì yà sí ọ̀nà kejì.

Ohun tí mo bi àbúrò mi ni mo fẹ́ bi yín. Ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ yẹn, tí báírò wà lọ́wọ́ mi, lọ́yà wo ló wà níbẹ̀ tí ì bá dá mi dúró?

---

Alájé_Orísunbáre
Ọjọ́ Ajé, 9:50 alẹ́

Mánijà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi, torí èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù, owó mi ló ń nù.

Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ni mo ní. Mo ń san owó ilé, mo ń ra epo jẹnẹrétọ̀, àwọn tó ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í jẹ́ ká sinmi. Mánijà tèmi kan bá mi gbé gálọ́ọ̀nù òróró mẹ́rìnlá lọ ní Kérésì, a ò rí i mọ́ títí dòní. Bí owó bá dín, tí n kò bá yọ ọ́ lára ẹni tó jókòó tì í, lára ta ni kí n ti yọ ọ́? Òfin tí ẹ ń sọ yẹn, ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá l'Ékòó ni. Bí àwa tí a ń du oúnjẹ òòjọ́ bá ní ká máa tẹ̀ lé gbogbo ẹ̀, ńṣe la ó kó ẹrù wa sílé.

N kò fi ìbínú sọ ọ́ o. Mo fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ là mí lóye.

---

Lọ́yà_ÌlúAró
Ọjọ́ Ajé, 11:05 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá wa. Ìbéèrè yín ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, torí bí mo ṣe jókòó sí ọ́fíìsì mi l'Ókè-Fíà, òun ni mò ń gbọ́ lójoojúmọ́.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tí wọ́n ń pè ní Labour Act, kò sọ pé ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan lòun wà fún. Ẹni tó bá gba ẹyọ ẹnì kan péré síṣẹ́ agbára tàbí iṣẹ́ akọ̀wé ti wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó ń po ìyẹ̀fun wà níbẹ̀. Ọmọ tó ń gbowó ní kántà náà wà níbẹ̀.

Abala 5 òfin yìí ló bá ìwé ṣọ́tééjì wí. Ó ní agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn nínú owó oṣù òṣìṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ bá a ṣe àdéhùn pé òun á máa yọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn kejì yẹn kà. Bíbuwọ́ lùwé tí òṣìṣẹ́ buwọ́ lùwé kò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́. ₦500 ẹni tó pẹ́ dé, ìtanràn ni, ẹ fà á ya.

Tí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ fa àdánù, òfin kò ní kí ẹ máa wò ó níran. Ó ní kí ẹ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lórí ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀ kan. Ọ́fíìsì wọn wà l'Óṣogbo níbí. Àpapọ̀ ohun tí ẹ bá sì yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà. Ẹni tó ń gba ₦32,000, ohun tí wọ́n lè yọ kò lè pé ₦10,700. Mánijà yọ gbogbo ẹ̀, ó tún kọ gbèsè sílẹ̀ dè é.

Ẹni tó jalè ńkọ́? Ẹ fún un ní kúẹ́rì, ẹ jẹ́ kó fèsì, ẹ wádìí. Tó bá dájú, ẹ lé e lọ, kí ẹ sì fọlọ́pàá mú un. Kò sí òfin tó ní kí ẹ gbé olè jókòó. Ohun tí òfin kọ̀ ni pé kí ẹni kan náà jẹ́ olùpẹ̀jọ́, kó jẹ́ adájọ́, kó tún jẹ́ ẹni tó ń gba owó ìtanràn, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́bàá kántà.

Nǹkan mìíràn tí mánijà ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láìmọ̀: ó gba èèyàn síṣẹ́ láìfún un ní ìwé. Kó tó pé oṣù 3 tí òṣìṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí iye owó rẹ̀, wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe lè pínyà ti wà lórí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Àkókò ìkìlọ̀ kí ẹ tó dá a dúró náà ní ìwọ̀n. Ọjọ́ 1 ni fún ẹni tí kò tíì ju oṣù 3 lọ, ọ̀sẹ̀ 1 fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 5, oṣù 1 fún ẹni tó ti lo ọdún 5 sókè. Tí ẹ ò bá fẹ́ kó dúró, ẹ san owó àkókò náà fún un. Obìnrin tó fẹ́ bímọ ní ọ̀sẹ̀ 12, tó bá sì ti lo oṣù 6 lọ́dọ̀ yín, ó kéré tán ìdajì owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wọlé. Tó bá padà dé, ó ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀méjì lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́yàn.

Mánijà bi wá pé lọ́yà wo ló wà níbẹ̀. Kò sí. Kò lè sí. Ẹni tí ilé rẹ̀ ti gbaná ló ń pè mí. Ẹni tó ń rí i nígbà tí iná ṣì wà lórí ìṣáná ni mánijà.

---

Alájé_Orísunbáre
Ọjọ́ Ajé, 11:21 alẹ́

Ọ̀sẹ̀ 12? Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fún òṣìṣẹ́ mi kan tó bímọ rí, n kò sì sanwó.

Ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó.

---

Aládìrẹ_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ yìí kí n tó dáná sídìí ìkòkò aró, mo ní n kò ní kọjá láìsọ tèmi. Tèmi kì í ṣe owó oṣù. Ọjà ni.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà tí mò ń kó àdìrẹ fún, àwọn àlejò tó ń wá wo igbó Ọ̀ṣun ló ń rà á jù. Oṣù kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, lọjà náà máa ń yá. Mánijà tuntun dé síbẹ̀, ọmọ ilé ìwé gíga, ara rẹ̀ yá gágá. Ó ra aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí lára, ó sì fi kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Ó ní kí àwọn ọmọ tó ń tajà máa sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ fún ẹni tí kò mọ̀. Ẹ̀kọ láfún la ó rò, a ó fi ìyẹ́ adìyẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kọ àwòrán sára aṣọ ní ìlà-ìlà, a ó sá a kó gbẹ, a ó rì í sínú aró, a ó yọ ọ́, a ó tún rì í, títí aró á fi mu ún bó ṣe yẹ, ká tó wá họ ẹ̀kọ náà kúrò. Ọrùn ló máa ń ro èèyàn jù. Aṣọ kan lè gba èmi àti ọmọ mi ní ọ̀sẹ̀ odindi. Ẹni tó bá ń ta ti ẹ̀rọ pẹ̀lú orúkọ yẹn, ọ̀sẹ̀ tèmi ló ń tà.

Àlejò obìnrin kan ra mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì, ó padà wá. Ó tẹ́ ọ̀kan sórí kántà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Ẹ̀yìn náà ṣá bí aṣọ tí oòrùn pa, bẹ́ẹ̀ aṣọ tó bá wọ ìkòkò aró, tojú tẹ̀yìn ni aró ń mu ún. Kò pariwo. Ó kàn dúró, ó ń wo mánijà. Mánijà na ìka sí pátákó tó wà lára ògiri: ỌJÀ TÍ A BÁ TI TÀ, A KÌ Í GBÀ Á PADÀ.

Ojú mi ló ṣe, mo lọ gbé iṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ọdún mìíràn fi pé, ẹni tó ń mú àwọn àlejò káàkiri kò mú wọn yà síbẹ̀ mọ́. Mánijà pàdánù, ọ̀gá rẹ̀ pàdánù, èmi tí n kò ṣẹ̀ náà pàdánù.

---

Lọ́yà_ÌlúAró
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:15 àárọ̀

Ìyá Aládìrẹ, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi òfin tì yín lẹ́yìn.

Òfin tó dáàbò bo oníbàárà, tí wọ́n ń pè ní ti 2018, tí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, ń mú ṣẹ, sọ pé irọ́ nípa bí wọ́n ṣe ṣe ọjà tàbí ohun tí wọ́n fi ṣe é, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹni tó ra ọjà tí kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ fún un lè dá a padà kó gbowó rẹ̀. Pátákó yẹn kò lè gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà kọ ọ́ pẹ̀lú wúrà. Ó tún yẹ kí iye ọjà hàn síta, kí oníbàárà má sì san ju iye tó hàn lọ. Ó yẹ kí ó gba risíìtì.

Ẹ lọ ka iye pátákó yẹn láti Ọláìyá dé Ọjà Ọba. Mánijà ló ń sọ pé kí wọ́n kọ ọ́.

---

Apòògùn_Àṣùbíàró
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ yìí kan iṣẹ́ mi gan-an, n kò sì lè sọ ọ́ kí ara mi má bù máṣọ.

Ẹ̀yin tó bímọ ní nǹkan bí 2008, ẹ á rántí oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin. Ó yẹ kí omi tí wọ́n fi po oògùn náà jẹ́ èyí tí kò léwu. Èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní àṣẹ láti tà á, májèlé diethylene glycol ni, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì mọ́tò lára. Ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ hàn. Àyẹ̀wò ló lè fi í hàn. Kíndìnrín àwọn ọmọ ọwọ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó kú lé ní 80.

Ní 2013, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó rán méjì nínú òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà lẹ́wọ̀n ọdún 7. Mo fẹ́ kí àwọn àbúrò wa tó ń kọ́ okòwò fara balẹ̀ gbọ́ ibẹ̀ yẹn: òṣìṣẹ́.

Nígbà tí mo bá ń ra ọjà, tí ẹnì kan bá ní òun ní nǹkan kan náà tó dínwó, tí ìwé rẹ̀ ò pé, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀. Mo ní ọmọ mẹ́ta. Mo máa ń fi ojú ọmọ mi wo ìgò náà.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Okòwò
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:02 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni àbúrò tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ láti òkè délẹ̀.

Mo gbà pé ó yẹ kí n kọ́ òfin. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ìbéèrè kan ṣì wà. Bí mo bá ti mọ òfin, tí mo sì ń tẹ̀ lé e, kí ni mo tún fẹ́ fi ẹ̀kọ́ ìwà ṣe? Ṣé kì í ṣe ohun kan náà ni? Àbí nígbà tí òfin bá ti dákẹ́, ta ni yóò bi mí?

---

Ọ̀gá_Fẹ̀yìntì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:20 alẹ́

Ọmọ mi, o ṣeun tó o béèrè. Báńkì ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, Dada Estate ni mò ń gbé báyìí.

Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní 2009 nígbà tí báńkì àpapọ̀ yọ ọ̀gá àgbà báńkì márùn-ún lóòjọ́ kan. Cecilia Ibru tó darí Oceanic Bank wà lára wọn. Ní 2010, ilé-ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n oṣù 6, ó sì fi ohun ìní tó tó nǹkan bí bílíọ̀nù ₦190 sílẹ̀ fún ìjọba. Ṣé o rò pé kò mọ òfin? Lọ́yà wà yí i ká. Ìmọ̀ òfin láìsí ìwà, bí ẹni tó mọ ibi tí ògiri wà ni, tó sì ń wá ibi tó ti sán.

Èkejì tún wà. Ní 2015, NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, bu ìtanràn tó lé ní tírílíọ̀nù ₦1 lé MTN, torí wọn kò yọ nọ́ńbà tó lé ní mílíọ̀nù 5 tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Wọ́n dúnàádúrà títí ó fi wálẹ̀ sí bílíọ̀nù ₦330. Ọ̀gá àgbà gbogbo ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ náà kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2015 kan náà. Ìyẹn kì í ṣe olè jíjà. Ọjọ́ tí wọ́n dá ló kọjá lórí wọn.

Nítorí náà ohun méjì ni. O lè jìn sí ọ̀fìn torí o ò mọ̀, o sì lè jìn sí i torí o mọ̀ ju bó ṣe yẹ.

---

Mánijà_ÒgoOlúwa
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:33 alẹ́

Baba, ẹ ṣeun púpọ̀. Àbúrò mi, jẹ́ kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìdí ààrò dá ọ lóhùn.

Nígbà tí ìyẹ̀fun gbówó lórí, búrẹ́dì wa kéré. Ẹnì kan tí ààrò rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, tirẹ̀ ń wú bí ìrọ̀rí. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń sọ fún ọ̀gá pé tàwọn yẹn ló ń tà. Òru ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago méjì, ọmọ tó ń po ìyẹ̀fun fún wa fi ọ̀rá kékeré kan hàn mí. Lẹ́búlẹ́bú funfun wà nínú rẹ̀, ó fi òwú di ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Brọ̀dá, ṣíbí kan péré ni fún àpò kan." Bromate ni, èròjà tí wọ́n ń fi mú búrẹ́dì wú. NAFDAC ti fòfin dè é tipẹ́ pé kí wọ́n má fi í sínú búrẹ́dì, torí ó lè fa jẹjẹrẹ.

Òfin wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló wà níbẹ̀ láago méjì òru? Èmi, òun, ààrò, àti àwọn páànù tó ṣófo. Bí mo bá gbà á, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá ṣàìsàn, kò ní ronú kan búrẹ́dì tó jẹ lọ́mọdé. Mo gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo dà á sínú ṣalángá. Lẹ́yìn náà mo bọ́ sínú ọ́fíìsì, mo jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́, torí mo ní láti sọ fún ọ̀gá pé búrẹ́dì wa ò ní wú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n bínú. Wọ́n ní kí n lọ jẹ ìwà. Oṣù méjì ni ọjà fi wálẹ̀, n kò ní purọ́ fún ọ pé ó yá padà kíákíá. A wá ọ̀nà mìíràn: a yí ìyẹ̀fun padà, a jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó wọ ààrò. Ó ń wú níwọ̀nba.

O bi mí pé ta ni yóò bi ọ́ nígbà tí òfin bá dákẹ́. N kò mọ bí màá ṣe sọ ọ́ ju báyìí lọ: ọwọ́ tó buwọ́ lu ìwé ṣọ́tééjì náà ló da ọ̀rá yẹn nù. Ọwọ́ kan náà ni. Nígbà àkọ́kọ́, n kò mọ òfin, n kò sì bi ara mi bóyá ó dáa kí ọmọ ẹni ẹlẹ́ni lọ sílé lọ́wọ́ òfo lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Bí mo bá ti bi ara mi ni, kódà bí n kò tilẹ̀ mọ òfin rárá, ǹ bá ti gbé báírò náà sílẹ̀.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Okòwò
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:58 alẹ́

Ẹ ò sọ ti bromate yìí fún mi lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi.

---

Alájé_Orísunbáre
Ọjọ́rú, 3:12 ọ̀sán

Ẹ káàsán gbogbo ilé. N kò lè sùn dáadáa lánàá.

Lọ́yà, mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan kí ẹ tún tọ́ mi sọ́nà. Mánijà tó gbé òróró lọ yẹn, mo gbé fọ́tò rẹ̀ sórí "status" WhatsApp mi, mo kọ OLÈ sí i lábẹ́, mo kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti àdúgbò ìyá rẹ̀. Mo tún gbé fọ́tò onídùúró rẹ̀ síbẹ̀. Ó ti lé ní ọdún kan, àwọn èèyàn ṣì ń pín in kiri. Ṣé mo ṣẹ̀ ni?

---

Lọ́yà_ÌlúAró
Ọjọ́rú, 4:47 ìrọ̀lẹ́

Ìyá wa, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò lónìí, kí ẹ sì bẹ àwọn tí ẹ fi ránṣẹ́ sí pé kí wọ́n pa á rẹ́.

Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ẹni tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹfà 2023 sọ pé fọ́tò, nọ́ńbà àti ibùgbé tí òṣìṣẹ́ fún yín nígbà tó gbaṣẹ́, torí iṣẹ́ ló ṣe fún yín. Ẹ kò gbọdọ̀ fi ṣe nǹkan mìíràn bó ṣe wù yín. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, títí ilé-ẹjọ́ yóò fi sọ pé ó jalè, ẹ̀sùn ni ẹ fi kàn án. Bí ẹ bá kọ OLÈ sábẹ́ fọ́tò rẹ̀ tí ẹ kò sì lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ó lè pè yín lẹ́jọ́ fún ìbanilórúkọjẹ́. Onídùúró rẹ̀ tilẹ̀ wá ńkọ́, tí kò gbé nǹkan kan? Ìyá rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ lọ fi ẹjọ́ òróró náà sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá bí ẹ kò bá tíì ṣe é. Kó wà lákọsílẹ̀.

---

Alájé_Orísunbáre
Ọjọ́rú, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Mo ti yọ ọ́. Mo ti pe onídùúró náà, mo bẹ̀ ẹ́. Ó sunkún lórí fóònù. Ó ní ilé ìwé tí ọmọ òun ń lọ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn òun.

Pátákó "A kì í gbà á padà" yẹn, èmi náà ní irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù; mo ní kí ọmọ tú u sílẹ̀. Ògiri funfun ní ojú ibẹ̀ ju ibi yòókù lọ.

---

Alájé_Orísunbáre
Ọjọ́bọ̀, 10:08 àárọ̀

Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo èyí kí n tó tẹ̀ ẹ́ fún àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Èmi àti mánijà mi tuntun la jọ kọ ọ́ lálẹ́ àná:

"Orúkọ rẹ. Ọjọ́ tí o bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ: títajà àti gbígba owó ní kántà. Owó oṣù: ₦45,000, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù la ó máa san án. Wákàtí iṣẹ́: aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìsinmi wákàtí kan lọ́sàn-án, ọjọ́ Àìkú kò sí iṣẹ́. Ìsinmi lọ́dún: ọjọ́ 3. Tí owó bá dín, a ó jọ ka á lójú ẹ, wàá kọ ohun tó o mọ̀ nípa rẹ̀ sílẹ̀, a kò ní yọ kọ́bọ̀ nínú owó rẹ láìgba ìyọ̀ǹda tí òfin ní ká gbà. Tí a bá fẹ́ pínyà, ẹnì kan á fún ẹnì kejì ní ìkìlọ̀ bí òfin ṣe là á kalẹ̀."

---

Lọ́yà_ÌlúAró
Ọjọ́bọ̀, 10:41 àárọ̀

Ìyá wa, ó dáa. Ìsinmi ọdún ni kí ẹ tún ṣe: tí òṣìṣẹ́ bá ti lo oṣù 12 pé, ọjọ́ iṣẹ́ 6 ló kéré jù, pẹ̀lú owó rẹ̀. Ẹ kọ 6 síbẹ̀.

Kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ ní méjì-méjì. Ọ̀kan fún yín, ọ̀kan fún ọmọ náà, kó mú un lọ sílé.